Jíà eléyín 127 lórí tábìlì ayípo tí servo ń yí

Jíà eléyín 127 ló dá gbogbo iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Lathe tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ilé yìí, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí irin kí ọ̀bẹ lè gé e, ti íǹṣì ni. Leadscrew rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá tó ń gbé ọ̀bẹ náà rìn, ní tírẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ nínú íǹṣì kan, a sì fẹ́ máa fi gé tírẹ́ẹ̀dì mìlímítà tí kò ní máa yà kúrò lójú ìwọ̀n bó bá ṣe ń gùn sí i. Ọdún 1959 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó ń lo íǹṣì fẹnu kò pé íǹṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4 gẹ́lẹ́. Sọ 25.4 di ìlọ́po márùn-ún, 127 ló máa já sí, kò sì sí nọ́ńbà tó lè pín 127 láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí íǹṣì di mìlímítà tí èérún kankan ò ní kù sílẹ̀, jíà eléyín 127 gbọ́dọ̀ wà lára àwọn jíà tó tò. Àwọn kan máa ń fi 80 àti 63 rọ́pò 127 àti 100. Àṣìṣe rẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú 8,000 lọ, bóòtù kúkúrú ò sì ní mọ̀ ọ́n. Ọ̀pá gígùn á mọ̀ ọ́n.

Ká lè gé jíà yẹn fúnra wa, a fi mọ́tò servo, irú tó ń yẹ ara rẹ̀ wò, sára tábìlì ayípo, ìyẹn tábìlì tó ń yí irin díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ milling tó ń fi kọ́tà (ọ̀bẹ eléyín tó ń yí) gé e. Tábìlì tó wà nílẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 200. Worm rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá oní-tírẹ́ẹ̀dì tó ń ti eyín jíà ńlá abẹ́ tábìlì, á yí ní ìgbà 90 kí tábìlì tó yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí ni pé yíyí kan ọwọ́ àyíyí rẹ̀ jẹ́ dígírì mẹ́rin. Jíà eléyín 36 ò lè fún irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ní wàhálà: dígírì mẹ́wàá fún eyín kọ̀ọ̀kan, yíyí méjì àbọ̀, ó parí. Ti 127 ni dígírì 2.834645 àti àwọn nọ́ńbà míì tó ń tẹ̀ lé e láìdúró. Àwo oníhò tó máa ń bá tábìlì wá, èyí tí a ń ka ihò rẹ̀ láti pín yíyí kan sí wẹ́wẹ́, lè gbani, àmọ́ àfi kí òbìrí oníhò 127 wà lójú rẹ̀, èyí ò sì sí lójú àwọn tiwa. Ká tiẹ̀ ní ó wà, ọwọ́ èèyàn náà ni yóò máa yí i, ẹnu èèyàn náà ni yóò máa kà á. Bí ẹnì kan bá kanlẹ̀kùn nígbà téèyàn wà ní eyín 83, tó lọ dá a lóhùn tó sì padà dé, ṣé 83 ló ti gé ni àbí 82?

Stepper ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò fún irú iṣẹ́ báyìí, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀. Ìṣísẹ̀ 200 ló sábà máa ń wà nínú yíyí kan mọ́tò náà, a sọ iye ìṣísẹ̀ tó máa rìn fún un, ó rìn ín. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ohunkóhun bá dí i lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, tí kò lè gbé ìṣísẹ̀ kan, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń gé jíà ò ní mọ̀ títí dìgbà tí eyín tó kẹ́yìn bá jáde ní ìdajì. Ní ti servo, encoder wà nídìí mọ́tò tó ń ka bí ọ̀pá rẹ̀ ṣe ń yí, drive, ìyẹn àpótí tó ń darí mọ́tò, sì ń fi ibi tí a ní kó dé wé ibi tó dé gan-an nígbà gbogbo. Bí ìyàtọ̀ méjèèjì bá kọjá ààlà tí a fún un, drive á dá iṣẹ́ dúró, á sì tan iná àláàmù. Torí àláàmù yẹn ni mo ṣe yan servo, kì í ṣe torí agbára. Agbára ti tó láti ìbẹ̀rẹ̀: mọ́tò náà jẹ́ wáàtì 180, eré rẹ̀ jẹ́ yíyí 3,000 nínú ìṣẹ́jú kan, ipá ìyípo rẹ̀ sì jẹ́ bíi Nm 0.57, kí bẹ́líìtì àti worm tó sọ ọ́ di púpọ̀. Encoder rẹ̀ ní ìlà 1,000, drive sì ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, ó di ẹyọ 4,000 nínú yíyí kan.

Ṣùgbọ́n ìdí mọ́tò ni encoder yẹn wà. Kò rí tábìlì. Láàárín òun àti tábìlì, bẹ́líìtì wà níbẹ̀, worm wà níbẹ̀, bíárìn àti eyín jíà ńlá wà níbẹ̀. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ibẹ̀ yẹn, mọ́tò ò gbọ́, drive ò gbọ́, nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ á sì máa sọ fún ọ pé gbogbo rẹ̀ ló pé. Ìdí nìyẹn tí èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí fi lọ sórí irin, tí wáyà ò fi gba àkókò tó bẹ́ẹ̀.

A tú tábìlì náà palẹ̀. Ọ́ìlì àtijọ́ àti ìfọ́ irin la kọ́kọ́ fọ̀ kúrò. Worm náà wà nínú búùṣì kan tí ihò rẹ̀ kò sí láàárín gbùngbùn. Tí a bá yí búùṣì náà díẹ̀, worm á súnmọ́ jíà ńlá tàbí kó jìnnà sí i, ibẹ̀ la sì ti ń dín play, ìyẹn àyè òfo tó wà láàárín eyín, kù. Èyí ni gbogbo èèyàn mọ̀. Play kejì ló máa ń sá pamọ́: kí worm fúnra rẹ̀ máa lọ síwá sẹ́yìn lójú ọ̀nà gígùn rẹ̀. Mo gbé dial gauge, ìyẹn ohun ìwọ̀n alábẹ́rẹ́, sí orí worm, mo tì í, mo fà á, abẹ́rẹ́ rìn tó mìlímítà 0.03. Nọ́ńbà yìí kéré lójú, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Jíà ńlá tábìlì yìí ní eyín 90, module rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bí eyín ṣe tóbi tó, jẹ́ 1.5, láti àárín rẹ̀ dé ibi tí eyín ti pàdé worm sì jẹ́ mìlímítà 67.5. Bí worm bá rìn 0.03 sí iwájú, tábìlì á yí ní sẹ́kọ́ńdì igun 92, mọ́tò ò sì ní mira rárá. Dígírì kan jẹ́ sẹ́kọ́ńdì igun 3,600. Ẹyọ kan tí encoder wa ń kà, bẹ́ẹ ṣe máa rí i níwájú, jẹ́ sẹ́kọ́ńdì igun 1.2 péré lórí tábìlì. Ìyẹn ni pé bíi ẹyọ 77 á lọ sínú òfo níbi tí ojú encoder ò dé.

Wáṣà lásán ló wà nídìí worm náà tẹ́lẹ̀, òun ló ń gba ìtì rẹ̀. A yọ wọ́n dànù, a gbẹ́ ilé búùṣì náà fẹ̀ sí i, a sì fi bíárìn angular contact méjì, irú tó ń gba ìtì lójú ọ̀nà gígùn ọ̀pá, síbẹ̀, ẹ̀yìn wọn kọra, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì kan tó há wọn mọ́ra. Nígbà tí mo tún gbé dial gauge síbẹ̀, abẹ́rẹ́ ò kọjá 0.003, ìyẹn bíi sẹ́kọ́ńdì igun mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú tábìlì yìí, tí owó rẹ̀ ò sì pọ̀, kó ra mọ́tò tó rọrùn kó sì fi ìyókù ra bíárìn gidi.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nídìí lathe wà níbẹ̀ nígbà tí mo ń to búùṣì náà. Mo ti ń há worm mọ́ jíà ńlá díẹ̀díẹ̀, mo sì ń fọwọ́ yí i láti mọ bó ṣe ń le sí.

"Àbúrò, má fún un pa," wọ́n ní. "Yí tábìlì náà yípo tán ná kó o tó mọ ibi tó ti le jù. Ibẹ̀ ni kó o ti tò ó."

"Ibi tó wá rọ̀ ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?"

"Ibi tó rọ̀ á ní play. Apá kan ṣoṣo ni kó o máa gbà dé ojú iṣẹ́, play ò ní rójú ṣe ẹ́ ní nǹkan kan."

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Kò sí jíà ńlá tí àárín rẹ̀ bá àárín ọ̀pá tó gbé e mu tán pátápátá, torí náà eyín rẹ̀ á súnmọ́ worm ní apá kan, á sì jìnnà ní òdìkejì. A wá apá tó ti le jù, a tò ó níbẹ̀ débi tí ọwọ́ fi lè yí i láìgbọ̀n, a sì fi apá tó kù sílẹ̀ bó ṣe wà. Play tó ṣẹ́kù níbi tó rọ̀ jù jẹ́ 0.02 lórí abẹ́rẹ́ dial gauge tí a gbé sí mìlímítà 200 sí àárín tábìlì, ìyẹn bíi sẹ́kọ́ńdì igun 20. Ètò tí a kọ fún ẹ̀rọ náà kì í sì jẹ́ kó ti ẹ̀yìn dé ojú iṣẹ́. Bí a bá ní kó padà, á kọjá ibi tí a ń lọ ní dígírì méjì, lẹ́yìn náà á wá rọra bọ̀ síwájú.

Ìdè mọ́tò ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Irin álúmíníọ̀mù pẹlẹbẹ oní-mìlímítà 12 la fi gbé e, pẹ̀lú ihò gbọọrọ mẹ́rin tí a fi ń fa bẹ́líìtì le. Púlì eléyín 20 wà lórí mọ́tò, eléyín 60 wà lórí worm, bẹ́líìtì eléyín HTD 5M tó fẹ̀ ní mìlímítà 15 sì so wọ́n pọ̀. Ká fi coupling so mọ́tò mọ́ worm tààrà ì bá rọrùn ju èyí lọ, àmọ́ mọ́tò á yọ síta débi tí yóò máa kọ́ lára ẹ̀rọ milling nígbà tí tábìlì bá dúró lóròó. Bẹ́líìtì jẹ́ ká ká a padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù rírọ̀ bẹ́líìtì máa ń ba àwọn kan. Ká tiẹ̀ sọ pé bẹ́líìtì náà fi mìlímítà 0.1 yẹ̀ lórí púlì ńlá, worm á pín àṣìṣe yẹn sí ọ̀nà 90 kó tó dé orí tábìlì, ohun tó máa kù ò sì tó sẹ́kọ́ńdì igun márùn-ún. Ohun tó bá wà ṣáájú worm, worm á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Èyí tó bá ti worm fúnra rẹ̀ wá tàbí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, odidi ló ń dé. A fi eré mọ́tò mọ sí yíyí 600 nínú ìṣẹ́jú kan, torí worm tí wọ́n ṣe fún ọwọ́ èèyàn kì í fẹ́ sáré.

Ẹ jẹ́ ká wá ka ẹyọ. Ẹyọ 4,000, ìlọ́po mẹ́ta láti ara bẹ́líìtì, ìlọ́po 90 láti ara worm, ó jẹ́ 1,080,000 nínú yíyí kan tábìlì. Pín in sí 127, wàá rí 8,503.937. Kò sí bí mọ́tò ṣe máa rìn ìdá ẹyọ, torí náà a gbọ́dọ̀ yàn. Ẹni tó bá gé èérún yẹn dànù, tó ń fi 8,503 kún 8,503, ẹyọ 119 ni yóò fi kù nígbà tó bá yípo tán. Sẹ́kọ́ńdì igun 143 nìyẹn. Lórí jíà tí ìwọ̀n àárín sí eyín rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 63.5, eyín tó kẹ́yìn á fi mìlímítà 0.044 nípọn ju àwọn yòókù lọ, gbogbo àṣìṣe á sì kó jọ sórí eyín kan ṣoṣo yẹn. Yóò máa ró kọ̀ọ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú gbogbo yíyí títí ayé rẹ̀.

Ohun tí microcontroller wa, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń pàṣẹ fún drive, ń ṣe ni pé kì í fi ìṣísẹ̀ kan kún ìkejì. Láti òdo ló ti ń ṣírò ibi tí eyín kọ̀ọ̀kan wà: ó fi nọ́ńbà eyín sọ 1,080,000 di púpọ̀, ó pín in sí 127, ó mú nọ́ńbà odindi tó súnmọ́ ọn jù. Sísọ di púpọ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú pípín, àyè oní-bit 32 ni kí nọ́ńbà náà sì wà, torí ti bit 16 ò ní gbà á. Bó ṣe ń lọ nìyí: eyín kìíní wà ní 8,504, èkejì ní 17,008, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìkeje tó wà ní 59,528. Èkejọ wà ní 68,031, tó fi hàn pé ìṣísẹ̀ yẹn nìkan jẹ́ 8,503. Nínú gbogbo òbìrí náà, ìṣísẹ̀ mẹ́jọ péré ló kúrú báyìí, 119 yòókù jẹ́ 8,504, gbogbo rẹ̀ sì já sí 1,080,000 gẹ́lẹ́. Kò sí eyín kan tó fi ju ìdajì ẹyọ lọ kúrò níbi tó yẹ kó wà.

Ọjọ́ tí a tan iná sí i, mọ́tò náà yí tábìlì dáadáa, ó dé ibi tí a ní kó dé, ó dúró. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin inú ìgò. Lójú ẹ̀rọ, nọ́ńbà rẹ̀ ń lọ sí òkè ní ẹyọ méjì, ń padà sílẹ̀ ní ẹyọ méjì. Ẹni tó bá ti to servo rí á mọ ìró yìí. Apá I nínú P, I àti D, nọ́ńbà mẹ́ta tí drive fi ń pinnu ipá mọ́tò, ló ń fà á: bí mọ́tò bá dúró ní ẹyọ kan sí ojú ibi tó yẹ, apá I á máa kó ipá jọ díẹ̀díẹ̀. Worm tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ há mọ́ra ò sì fẹ́ mira. Ipá yẹn á pọ̀ títí tí worm á fi já lójijì, mọ́tò á fò kọjá, I á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó ipá jọ lódì kejì. A dín I kù, a sì sọ fún drive pé bí ìyàtọ̀ ò bá ju ẹyọ mẹ́ta lọ, kó gbà pé òun ti dé. Ẹyọ mẹ́ta jẹ́ sẹ́kọ́ńdì igun 3.6. Kíkùn náà parí. Mo ti rí àwọn tó ń jà pẹ̀lú irú kíkùn yìí nípa fífi kún P, tí mọ́tò wọn wá ń pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ lọ́ọ̀kù tábìlì ló tẹ̀ lé e. Bí kọ́tà bá ń gé, eyín rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbá irin náà, tábìlì á sì máa jó nínú play tó kù tí a kò bá tì í pa. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ tì í kí kọ́tà tó wọlé, ká sì tú u kó tó lọ sí eyín tó kàn. Ó dájú pé ọjọ́ kan á wà tí ẹnì kan á gbàgbé láti tú u, torí náà a dìídì dán an wò: a tì í pa, a wá ní kí ó lọ. Mọ́tò ti bẹ́líìtì, bẹ́líìtì le bọrọgidi, kò sí ohun tó mira, ká tó ṣẹ́jú iná pupa ti tàn. Nígbà tí a tú lọ́ọ̀kù tí a pa àláàmù rẹ́, ó padà sí ojú ibi tó wà. Stepper ì bá ti pàdánù ìṣísẹ̀ níbẹ̀ láìwí. Síbẹ̀ a ṣì fi súìṣì kékeré kan sí ọwọ́ lọ́ọ̀kù, kí microcontroller má tiẹ̀ ran mọ́tò níṣẹ́ tí tábìlì bá wà ní títì.

Ohun kan wà nínú lọ́ọ̀kù yìí tí àláàmù ò lè rí. Bí a bá ń tì í, ó ń yẹ tábìlì díẹ̀: 0.02 lórí abẹ́rẹ́ ní mìlímítà 200, sẹ́kọ́ńdì igun 20. Worm kì í jẹ́ kí tábìlì yí mọ́tò padà, torí náà encoder ò mọ nǹkan kan nípa ìyẹ̀sẹ̀ náà. Mo wò ó ní oríṣiríṣi ibi yí tábìlì ká, apá kan náà ló ń yẹ̀ sí, iye rẹ̀ sì dọ́gba bí ọwọ́ tó ń tì í bá dọ́gba. Bí gbogbo eyín bá yẹ̀ sí apá kan náà ní iye kan náà, kò sí èyí tó yẹ̀ sí èkejì. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó gba ìrònú jù ni ariwo iná. Encoder náà ní àmì kan tó ń hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú yíyí kan mọ́tò, tí wọ́n ń pè ní Z. Bí tábìlì bá yípo tán, mọ́tò ti yí ní ìgbà 270 gẹ́lẹ́, torí náà orí nọ́ńbà kan náà ló yẹ kí Z ti hàn. Nígbà tí spindle ẹ̀rọ milling, ọ̀pá tó ń yí kọ́tà, wà ní pípa, bẹ́ẹ̀ ló rí. Nígbà tí a tan spindle, tí inverter rẹ̀, ẹ̀rọ iná tó ń darí eré mọ́tò rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Z ń fi ẹyọ díẹ̀ ṣí kúrò, kì í sì í ṣe iye kan náà ní gbogbo ìgbà. Àláàmù ò dún lẹ́ẹ̀kan.

Kò sì lè dún. Wáyà tó ń gbé àṣẹ láti microcontroller lọ sí drive gùn, ó sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà spindle. Inverter ń ju ariwo iná sínú rẹ̀, drive sì ń ka ariwo yẹn mọ́ pulse, àmì iná tí àṣẹ ń bá wá. Lójú drive, àṣẹ ni. Ó yí mọ́tò dé ibi tí àṣẹ náà wí, encoder jẹ́rìí pé ó ti dé, gbogbo wọn sì sọ òtítọ́ lórí ohun tí wọ́n gbọ́. Servo ń gbà wá lọ́wọ́ mọ́tò tí kò ṣe ohun tí a rán an. Kò lè gbà wá lọ́wọ́ iṣẹ́ tí a kò rán an tó lọ jẹ́. A yí i padà sí wáyà méjì tó lọ́ mọ́ra fún àṣẹ kọ̀ọ̀kan, kí ariwo tó bá bà lé ọ̀kan lè bà lé èkejì, kí drive sì fi ọ̀kan yọ èkejì. A fi aṣọ irin bo wáyà náà, a so aṣọ irin yẹn mọ́ earth ní ẹ̀gbẹ́ àpótí drive nìkan, a sì gbé gbogbo rẹ̀ jìnnà sí wáyà spindle. Níbi tó ti pọn dandan kí wọ́n pàdé, a jẹ́ kí wọ́n gba orí ara wọn kọjá ní ìdábùú, kí wọ́n má rìn pọ̀. Lẹ́yìn náà, spindle tàn, spindle kú, Z ò kúrò lójú nọ́ńbà rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà, ètò náà ń wo Z fúnra rẹ̀ ní gbogbo yíyípo, bó bá ṣí kúrò, á kọ̀ láti tẹ̀ síwájú.

Gbogbo èyí, ọ̀dọ̀ mọ́tò náà la ṣì wà. Ó kù ká bi tábìlì fúnra rẹ̀ léèrè. A gbé búlọ́ọ̀kù irin onígun mẹ́rin tí wọ́n ti fi òkúta lọ̀ sórí rẹ̀, a fi dial gauge sórí spindle, a sì ń gbé ẹ̀rọ milling kọjá níwájú ojú búlọ́ọ̀kù náà ní mìlímítà 100. Ojú kìíní, a tò ó kí abẹ́rẹ́ má mira. A wá ní kí tábìlì yí ní dígírì 90, a wo ojú kejì, bẹ́ẹ̀ títí a fi wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Abẹ́rẹ́ mira, àmọ́ kò tíì sí ẹni tó lè sọ bóyá tábìlì ló jẹ̀bi ni àbí búlọ́ọ̀kù. A tú búlọ́ọ̀kù náà, a yí i ní ojú kan lórí tábìlì, a tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Àṣìṣe tó bá búlọ́ọ̀kù lọ, ti búlọ́ọ̀kù ni. Èyí tó dúró sójú dígírì kan náà, ti tábìlì ni.

Ti tábìlì dé 0.012 nínú mìlímítà 100 ní òdìkejì ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀, bíi sẹ́kọ́ńdì igun 25, ó sì ń padà sí òdo bó ṣe ń yípo tán. Àárín jíà ńlá tí kò bá ti ọ̀pá rẹ̀ mu ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun kan náà tó jẹ́ kí apá kan le kí apá kan rọ̀. Lórí jíà wa, sẹ́kọ́ńdì igun 25 ò tó mìlímítà 0.008, ó sì ń wá díẹ̀díẹ̀ láti apá kan òbìrí náà dé èkejì. Láàárín eyín kan sí èyí tó tẹ̀ lé e, kò tó sẹ́kọ́ńdì igun kan. Ó ṣeé ṣe ká kọ àtúnṣe rẹ̀ sínú ètò náà, kí microcontroller máa fi kún un tàbí yọ kúrò. Mi ò rí ìdí fún un lórí jíà lathe. Ẹni tó ń fín àmì sójú ohun èlò ìwọ̀n lè rò ó wò.

Gígé rẹ̀ gan-an wá rọrùn. Module 1 ni jíà náà, torí náà ìbú rẹ̀ láti etí dé etí jẹ́ mìlímítà 129. Tábìlì dúró lóròó, irin jíà wà lórí ọ̀pá mandrel, tailstock, ìyẹn irin ìtìlẹ́yìn, gbá a mú lẹ́yìn, a sì rí i pé etí rẹ̀ ò fi ju 0.01 lọ mì. Kọ́tà nọ́ńbà 7 ni ti eyín 55 sí 134 nínú àwọn kọ́tà oní-module. Kí ẹni tó ní kọ́tà ti íǹṣì, àwọn oní-DP (iye eyín fún íǹṣì kan ìbú jíà), ṣọ́ra o, òdìkejì ni wọ́n ń kà níbẹ̀: nọ́ńbà 2 ló bá a dọ́gba. A kọ́kọ́ fi kọ́tà fọwọ́ kan etí irin náà yípo, kó kàn fá a lásán, ká lè rí i bóyá àmì tó tẹ̀ lé ìkẹtàdínláàádóje á bọ́ sórí ti àkọ́kọ́. Ó bọ́ sórí rẹ̀, ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìgbà yẹn la tó wọlé ní 2.25, a sì fi 0.05 jìn sí i kí jíà náà lè ní àyè mímí pẹ̀lú èkejì rẹ̀. Tì, gé, tú, tẹ bọ́tìnnì, tì. Ẹni tó ń tì í ò gbọ́dọ̀ yí padà láàárín iṣẹ́, torí ọwọ́ kan yàtọ̀ sí èkejì.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, fáníà, ohun ìwọ̀n ẹlẹ́nu méjì, la fi di eyín 15 mú pọ̀. Ìṣírò sọ pé 44.58 ló yẹ kó jẹ́ bí a bá gé e ní 2.25 gẹ́lẹ́, 0.05 tí a fi jìn sí i á sì gbé e wá sí bíi 44.55. Níbi tí a wọ̀n yí jíà náà ká, títí kan orí àlàfo tó kẹ́yìn tó pàdé àkọ́kọ́, ohun tí a rí wà láàárín 44.54 sí 44.56. Kò sí eyín tó nípọn ju àwọn yòókù lọ.

A gbé e wọ lathe, eléyín 100 ń yí i, òun náà ń yí leadscrew. Pẹ̀lú tírẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ nínú íǹṣì, 100 lórí 127 jẹ́ mìlímítà 2.5 gẹ́lẹ́ fún tírẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. 63 lórí 80 ì bá fi bíi mìlímítà 0.025 ṣìnà lórí ọ̀pá oní-mìlímítà 200. Nọ́ọ̀tì gígùn tí a rà wá wọ inú ọ̀pá tí a fi í gé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò há níbì kankan. Ohun tó kù lára tábìlì náà ni ìbòrí fún bẹ́líìtì: ìfọ́ irin ti ń wọ àárín eyín rẹ̀, bó bá sì pọ̀ níbẹ̀, á jẹ́ kí bẹ́líìtì gun orí púlì.